Igbó Tí A Kì Í Dọdẹ Nínú Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbà tí ń kọ́ ìwé sọ ní Iléṣà)

  Ẹ kò jẹ́ kí àárẹ̀ dí yín lọ́wọ́ ìwé. Ojú kò ní tì yín.

Ọ̀rọ̀ ẹranko ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní. Ọdẹ ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá gbọ́ igbe ọ̀bọ nínú igbó, ọbẹ̀ ni ọkàn mi ń lọ sí. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè sanwó ọkọ̀ nítorí kí ó lè wo ọ̀bọ lásán, kí ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfìfo. Ìgbà tí mo dé Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni mo tó mọ̀. Ọ̀bọ jókòó lórí igi, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Kò sá. Ẹnu yà mí. Ní igbó tiwa, kí o tó rí ìrù rẹ̀, ó ti lọ.

Kí ló dé tí kò fi sá? A kì í dọdẹ nínú igbó náà. A kì í pẹja nínú odò rẹ̀. A kì í gé igi rẹ̀. Òfin yìí ti pẹ́. Ẹ ti gbọ́ ìtàn Láròóyè, tí ó ti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá, àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ. Omi ni wọ́n ń wá kiri tí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun. Ìtàn sọ pé igi kan tí wọ́n gé wó sínú odò, wọ́n sì gbọ́ ohùn láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Láròóyè bá odò náà dá májẹ̀mú. Ó tẹ́wọ́, ó gba ẹja. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ọba Òṣogbo ní Àtáọ́ja. Ẹ kíyè sí i o: ọdẹ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ débẹ̀, síbẹ̀ igbó náà di ibi tí ìbọn kì í dún.

Ṣùgbọ́n òfin tí kò ní olùṣọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́. Ìgbà kan dé tí àwọn kan ń gé igi níbẹ̀, tí wọ́n ń dọdẹ, tí wọ́n sì ń pẹja. Obìnrin òyìnbó kan láti ilẹ̀ Austria, Susanne Wenger, tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, wá sí Nàìjíríà ní 1950. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ọmọ Òṣogbo tún ojúbọ ṣe, wọ́n mọ ère, wọ́n sì gbèjà igbó náà. Ní 1965 ìjọba fi òfin dáàbò bò ó. Ní 1992 òfin náà kan gbogbo igbó. Ní 2005 àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Wenger kú ní Òṣogbo ní oṣù kìíní ọdún 2009.

Igbó náà tó hẹ́kítà 75, èyí tí í ṣe nǹkan bí éékà 185. Irú igi àti ewé tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 400. Ó lé ní 200 nínú wọn tí a mọ̀ pé a fi ń ṣe oògùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibòmíràn fún yín. Ní àárín òkun, nǹkan bí kìlómítà 1,000 sí ilẹ̀ Ecuador ní Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn erékùṣù kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ Galápagos. Ìjàpá ńláńlá ń bẹ níbẹ̀. Òmíràn wúwo ju ọkùnrin méjì lọ. Láyé àtijọ́, àwọn atukọ̀ ń kó wọn sọ́kọ̀ láti jẹ. Níbo ni ìjàpá yóò sá sí? Omi yí i ká. Ní 1959 ìjọba Ecuador sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà di ibi ààbò. Lónìí, ẹni tí ó bá lọ wò wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé afinimọ̀nà. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹranko ju mítà 2 lọ. Kò gbọdọ̀ fún un ní oúnjẹ.

Ṣé ẹ rí i, erékùṣù ni Igbó Ọ̀ṣun náà. Ilé àti títì ló yí i ká dípò omi. Bí a bá lé ọ̀bọ kúrò níbẹ̀, ààrin ìgboro ni yóò bọ́ sí. Ìbáà ṣe Mùsùlùmí ni ọ́, ìbáà ṣe Kìrìsìtẹ́nì, ìbáà ṣe ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ọ̀bọ kò bi ọ́ léèrè.

Ọ̀rọ̀ tí ó kan àwa ará Ìjẹ̀ṣà gan-an nìyí. Odò kéékèèké ilẹ̀ wa ń ṣàn wọ Ọ̀ṣun. Àwọn tí ń wa góòlù ní ilẹ̀ wa ń fọ ẹrẹ̀ sínú omi, odò sì di pupa. Ní 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi odò náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, àwọn afọgóòlù tún máa ń lo mẹ́kúrì. Bí ó bá bọ́ sínú omi, ẹja a gbé e mì. Ẹni tí ó bá ń jẹ ẹja náà, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, àti ti ọmọ inú aboyún. Àwọn àgbà ní omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi tí a bàjẹ́ níhìn-ín, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ń ṣàn lọ.

N kò sọ pé kí ebi pa ẹnikẹ́ni. Ẹni tí yóò wa góòlù, kí ó gba ìwé àṣẹ. Kí ó gbẹ́ kòtò tí ẹrẹ̀ yóò silẹ̀ sí, kí ó má fọ ọ́ sínú odò. Ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ ọ́.

Bí ẹ bá sì lọ wo ẹranko, ẹ lọ ní àárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ má pariwo. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ bí ọdẹ tí ń dẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ìwé àti pẹ́ńsù ni kí ẹ mú lọ́wọ́ dípò ìbọn. Ẹ má ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ọ̀bọ; bí ó bá mọ́ ọn lára, yóò máa já a gbà lọ́wọ́ ọmọdé. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo, ibo ni, mélòó ni wọ́n. Bí ẹ bá tún lọ lẹ́yìn ọdún kan, ìwé yín yóò sọ bóyá wọ́n ń pọ̀ sí i tàbí wọ́n ń dín kù.

Bàbá mi mọ gbogbo ẹranko igbó, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé. Nígbà tí ó kú, ohun tí ó mọ̀ bá a lọ. Ẹ̀yin ti mọ̀wé báyìí. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀.