Ìwé Kíkà àti Kọ̀ǹpútà: Ta Ló Fìdí Rẹmi?

(Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ẹgbẹ́ wa sọ níbi àpéjọ ní Likosi)

 

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹ̀yin àgbà ni pé ẹ̀kọ́ ti wọmi, pé ọmọ ìsinsìnyí kì í kàwé mọ́. Ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí ni ìdánwò JAMB ti ọdún 2025. Nínú èèyàn tó lé ní 1,900,000 tó jókòó ṣe é, ó lé ní 1,500,000 tí kò gba 200 nínú 400. Nígbà tí èsì náà jáde ní oṣù karùn-ún, àwa ọmọ ni gbogbo ẹnu ń dá lẹ́bi.

Kò pẹ́ tí JAMB fúnra wọn fi sọ pé àṣìṣe wà níbẹ̀. Àtúnṣe kan tó yẹ kí wọ́n ṣe sí àwọn ẹ̀rọ ìdánwò, wọn kò ṣe é ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe. Ọ̀gá àgbà wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, sunkún ní gbangba bó ṣe ń tọrọ àforíjì.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn: kọ̀ǹpútà kì í ṣe Ọlọ́run. Èèyàn ló ń fún un ní iṣẹ́ ṣe, bí èèyàn bá sì gbàgbé, ẹ̀rọ á jẹ́rìí èké. Bí àwọn ọmọ àti òbí wọn kò bá pariwo ni, wọn ì bá ti pè wọ́n ní olódo lásán.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Ká tiẹ̀ ní gbogbo àwọn 379,997 yẹn ló wà nínú àwọn tí kò gba 200, ẹ yọ wọ́n kúrò: ó ṣì lé ní mílíọ̀nù kan tó kù, tí ẹ̀rọ kò ṣe ní nǹkan kan. Nítorí náà, àwa ọmọ kò lè fi gbogbo rẹ̀ sọ́rùn kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kọ́ kejì nìyẹn.

Ní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún kejì ni Táí Ṣólàrín dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ kan náà, níbi tí ọmọ ti ń kàwé tó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọmọ ìgbà náà kò lè kọ́ ìwé láìsí síléètì. Síléètì tiwa ni kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti fi bébà sílẹ̀ pátápátá. Ọmọ tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ló kọ́kọ́ di mọ́ọ̀sì mú, àkókò tó yẹ kó fi ronú ló máa fi wá bọ́tìnì.

Síbẹ̀, síléètì kì í kọ ara rẹ̀. Ní báyìí kọ̀ǹpútà lè bá èèyàn kọ àròkọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá ní kó ṣàlàyé ohun tí kò yé mi, ó ti ràn mí lọ́wọ́. Bí mo bá ní kó kọ ọ́ fún mi, òun ló kàwé, kì í ṣe èmi.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò ju mẹ́ta lọ. Ẹ bá wa wá kọ̀ǹpútà díẹ̀ pẹ̀lú iná sólà, torí ẹ̀rọ tí kò ríná, àpótí lásán ni. Ẹ bá wa wá olùkọ́ tí yóò dúró tì í. Ẹ sì fi ìwé kún ilé ìkàwé wa. Tiwa ni ká jókòó kà á. Ìyẹn kò ṣeé rà fún ẹnikẹ́ni.