Ẹni Tí A Jọ Ń Tẹ Ilẹ̀ Kan Náà

(Èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé wa ní Ọjọ́ Awo tó kọjá. Àwọn kan ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráàyè wá. Mo ti fi ìbéèrè méjì tí wọ́n bi mí kún un ní ìparí.)

    

Àlejò ṣíṣe ni ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí. Ẹ ń retí kí n sọ pé Yorùbá a máa fún àlejò lómi tútù kó tó bi í níbi tó ti ń bọ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń yin ara rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í mọ ibi tí aṣọ rẹ̀ ti ya. Nítorí náà, ìtàn òpópónà kan nílẹ̀ òkèèrè ni n ó kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà ni n ó padà wálé wá bi ara wa léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Kenmure Street ni orúkọ òpópónà náà. Ó wà ní àdúgbò Pollokshields, ní apá gúúsù ìlú Glasgow, ní Scotland. Ọ̀pọ̀ àwọn tí baba wọn ti Pakistan wá ni wọ́n ń gbé níbẹ̀. Ọjọ́bọ ni, ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ọjọ́ náà gan-an sì ni ọdún ìtúnu ààwẹ̀ bọ́ sí. Ní òwúrọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ti Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àjèjì, dé sí òpópónà náà. Wọ́n mú ọkùnrin méjì, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀. Ó ti tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tí àwọn méjèèjì ti ń gbé ní ilẹ̀ náà. Ọ̀kan ń fi oúnjẹ sísè ṣiṣẹ́ jẹ, èkejì ń tún ọkọ̀ ṣe.

Kí ọkọ̀ náà tó gbéra, ọkùnrin kan wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ̀ kò lè sún mọ́ láìtẹ ènìyàn pa. Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn ń tàn láti orí fóònù dé orí fóònù, nítorí pé àwọn ará àdúgbò ti ní nọ́ńbà ara wọn láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà tí wọ́n ti ń bá ara wọn ra oúnjẹ, tí wọ́n ń bá arúgbó gba oògùn. Ẹni méjì jáde, ẹni mẹ́wàá jáde, ó di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Wọ́n jókòó sójú títì níwájú ọkọ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń pín omi, wọ́n ń pín oúnjẹ. Ohun tí wọ́n ń kígbe ni pé, ẹ tú àwọn aládùúgbò wa sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú ìwé ìjọba, àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ni àwọn ọkùnrin náà. Lẹ́nu àwọn tó jókòó sójú títì, aládùúgbò ni wọ́n. Ènìyàn kan náà ni, orúkọ méjì ni, orúkọ tí a bá sì pe ènìyàn ni yóò sọ ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe sí i. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ kò nílò àlàyé mi.

Wọ́n wà níbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀ ní nítorí ààbò gbogbo ènìyàn, kí wọ́n tú àwọn ọkùnrin náà sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, àwọn èrò sì là fún wọn láti kọjá.

Bí a bá dúró síbí, ìtàn dídùn ni yóò jẹ́, ẹ ó sì rò pé àwọn ará Glasgow dára ju ti ẹlòmíràn lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2000 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn tó ń wá ibi ìsádi lọ sí ìlú náà lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1999. Inú àwọn ilé gogoro tí àwọn tálákà ìlú ń gbé ni wọ́n kó wọn sí, wọn kò sì bá onílé sọ̀rọ̀ tó. Ìbínú wà níbẹ̀. Ní ọdún 2001, wọ́n gún ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ ẹ̀yà Kurd, pa ní àdúgbò Sighthill. Ibi tí ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kí ló wá yí wọn padà? Jíjọ gbé ni. Ọmọ àlejò ń bá ọmọ onílé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, ìyá wọn ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí àwọn aṣọ́bodè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láti máa kó ìdílé lórí ibùsùn, ara kò gbà á mọ́. Ní ọdún 2005, àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ Drumchapel dìde nítorí pé wọ́n mú ọ̀rẹ́ wọn, ọmọ ọdún 15, pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin, wọn kò sì sinmi títí ọmọ náà fi padà. Ní àwọn ilé gogoro Kingsway, àwọn ìyá àgbà ọmọ onílẹ̀ gan-an ni wọ́n ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n ń ṣọ́nà. Bí wọ́n bá rí ọkọ̀ aṣọ́bodè, wọ́n á kìlọ̀ fún àwọn ẹbí, wọ́n á sì gbà wọ́n sínú ilé ara wọn. Nítorí náà, iṣẹ́ ogún ọdún ni ohun tó wáyé ní Kenmure Street láàárín wákàtí mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní London mọ Peckham, níbi tí a ti ń gbọ́ Yorùbá lójú títì, tí a sì ń rí iṣu àti ẹ̀lúbọ́ rà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn ará ibẹ̀ jókòó síwájú ọkọ̀ aṣọ́bodè tó gbé ọkùnrin kan, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú tí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n tún dí ọ̀nà mọ́ bọ́ọ̀sì tó fẹ́ kó àwọn tó ń wá ibi ìsádi láti hòtẹ́ẹ̀lì lọ sínú ọkọ̀ ojú omi Bibby Stockholm. Bọ́ọ̀sì náà lọ lófo. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá mú ènìyàn 45 lọ́jọ́ náà. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀fẹ́ ni irú iṣẹ́ yìí.

Ó tó gẹ́ẹ́ nípa ìlú òyìnbó. Ẹ jẹ́ kí a wálé.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n jáde. Àwa ni ọ̀rọ̀ náà bá jù. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀fà àti Ìnísà kún ọjà Ghana nígbà náà. Ìyá bàbá mi wà lára wọn. Aṣọ ló ń tà ní Kumasi, ibẹ̀ ló sì bí ọmọ mẹ́rin sí. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì kò tó kó ẹrù ogún ọdún. Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Asante, tí wọ́n jọ ń gbé agboolé, gba ìdì aṣọ rẹ̀ wọ yàrá ara rẹ̀. Ó ń tà á díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀, ó fi owó rẹ̀ rán awakọ̀ sí i ní Èjìgbò, kọ́bọ̀ kan kò dín níbẹ̀. Owó yẹn ni màmá fi bẹ̀rẹ̀ òwò padà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n sì máa ń fi àdúrà parí rẹ̀ fún ìyá náà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ìbò sì ń bọ̀. Ìjọba Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde ní Nàìjíríà láàárín ọjọ́ 14. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọmọ Ghana ló lọ. Orúkọ tí a fi lé wọn lọ ni a ṣì ń pe àpò onílà tí a fi ń kó ẹrù títí di òní, a sì ń rẹ́rìn-ín.

Ní ilé tí a ń gbé ní Èkó nígbà náà, tísà ọmọ Ghana kan wà ní yàrá ẹ̀yìn. Òun ló kọ́ mi ní ìṣirò. Lọ́jọ́ tó ń di ẹrù, gbogbo ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ń wò. Kò sí ẹni tó bú u. Kò sì sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Bàbá mi ra rédíò rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, nítorí pé ẹni tí ìrìn-àjò bá lé kì í ná ọjà.

Nígbà tí màmá wá kí wa láti Èjìgbò, ó rí rédíò náà, ó béèrè ibi tó ti wá, bàbá mi sì sọ fún un. Màmá dákẹ́ pẹ́. Ó wá bi ọmọ rẹ̀ pé, “Ta ló bá a tọ́jú ẹrù rẹ̀?” Bàbá mi kò lè dáhùn. Títí màmá fi lọ, kò jẹ́ kí a tan rédíò náà níbi tí òun bá wà.

Ìbéèrè tí mo ní mo fẹ́ bi wá nìyẹn. A máa ń ka àwọn tó lé wa. Ta ni nínú wa ló ń ka àwọn tí a lé?

Ẹ̀yin ọmọ awo, ẹ̀sìn wa ti fi èsì sí wa lẹ́nu, inú èdè ló sì wà. Bí ẹni méjì bá fẹ́ dá májẹ̀mú tí kò ní yẹ̀, wọ́n á mulẹ̀. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá yẹ májẹ̀mú, ọ̀dàlẹ̀ là ń pè é: ilẹ̀ ló dà. A sì mọ̀ pé ẹni bá da ilẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ kì í béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí a jọ pọn omi kànga kan, tí ọmọ rẹ̀ jẹun nínú àwo ọmọ wa, ṣé a kò ti bá a mulẹ̀ bí? Ẹnu wa lè má sọ ọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti gbọ́.

Bí ó bá sì jẹ́ ti ìtàn, ta ni kì í ṣe àlejò? Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló tẹ Abẹ́òkúta dó sábẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830. Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Ifẹ̀ ló pàdé nínú ibùdó ogun tó di Ìbàdàn. Ẹ bi ọ̀pọ̀ agboolé wa ní oríkì orílẹ̀ wọn, wọn yóò dárúkọ ìlú mìíràn fún yín. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí à ń sọ lónìí nígbà tí ìbò bá ń bọ̀, nípa ẹni tó ń ta súyà, nípa ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, nípa ọmọ Tógò tó ń bá wa tọ́jú ọmọ. Àwa tí a ní à ń jí àṣà dìde gan-an ni ẹnu wa máa ń mú jù. Àṣà tí a bá fi ń lé ènìyàn kì í ṣe ti àwọn tó bí wa.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Ohun tó wà níkàáwọ́ wa ni mo ń sọ. Kí a mọ orúkọ ẹni tó ń gbé yàrá kejì. Kí a ní nọ́ńbà rẹ̀, kí ó sì ní tiwa. Kí a mọ agbẹjọ́rò kan tí a lè pè lóru. Bí ọ̀rọ̀ àlé bá dé, kí a tọ́jú ẹrù, kí a má sì ra rédíò.

Ìbéèrè méjì tí wọ́n bi mí nìyí. Baba kan ní, ṣé kí ìlú máà ní òfin ni? Mo ní rárá o, baba. Ìlú tí kò ní ẹnubodè kì í ṣe ìlú. Ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan ká dájọ́. Ẹni tí wọ́n gbé lọ ní ìdájí kò tíì rojọ́. Ohun tí aládùúgbò ń ṣe ni láti rí i pé ó ráàyè rojọ́.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní, bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn ńkọ́? Mo ní ẹ̀rù á bà á. Ẹ̀rù ba ìyá Asante yẹn náà. Kò dá àṣẹ ìjọba Ghana dúró, agbára rẹ̀ kò ká a. Yàrá kan ló ní, ó sì ṣí i.

Kí Olódùmarè má fi wá sípò ẹni tí a ń lé. Bí ó bá sì di pé wọ́n ń lé ẹlòmíràn lójú wa, kí orí wa má jẹ́ kí a dúró lẹ́nu ọ̀nà máa wò. Àṣẹ.