Ère Ni Tàbí Ọmọlangidi? Yíyẹ Àwọn Akọni Obìnrin Oníke Wò

Mo mọ̀ pé nígbà tí ẹ rí àkọlé ọ̀rọ̀ yìí lára ìwé ìpè, àwọn kan nínú yín rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi kan tilẹ̀ bi mí léèrè lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé orí bèbí ọmọdé ni mo fẹ́ fi wákàtí kan àwọn àgbà ṣòfò lé. Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn mi kò ní bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Kẹ́hìndé ni mí. Táíwò mi, tí òun náà jẹ́ obìnrin, kú kí a tó pé ọmọ ọdún kan. Ìyá mi ti di onígbàgbọ́ nígbà náà, ìjọ rẹ̀ kò sì fẹ́ gbọ́ pé ọmọ ìjọ ní kí wọ́n gbẹ́ ère ìbejì fún òun. Ohun tí ìyá mi ṣe ni pé ó lọ sí ọjà, ó ra ọmọlangidi oníke kan tí ó pupa bí ọmọ òyìnbó, ó sì rán aṣọ fún un láti ara aṣọ tèmi. Bí ó bá wẹ̀ mí, a wẹ òun náà. Bí ó bá se ẹ̀wà, a bu díẹ̀ síwájú rẹ̀. Èmi kò mọ̀ pé ohun ìṣeré ni nǹkan náà títí mo fi tó ọmọ ọdún méje, tí mo rí irú rẹ̀ gan-an lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò wa kan, tí ó ń wọ́ ọ ní ẹsẹ̀ kiri nínú iyẹ̀pẹ̀. Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi rò pé ejò ni ó bù mí ṣán. Ìyá mi nìkan kọ́ ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí nípa ìbejì ní ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1970 sí 1979 bá ọmọlangidi oníke nínú ilé tí ó yẹ kí ère igi wà, wọ́n sì ya àwòrán wọn.

Nítorí náà, nígbà tí mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí Amẹ́ríkà, tí mo rí i pé àwọn àgbàlagbà, tí wọ́n ní iyàwó àti ọmọ, ń fi owó ńlá ra ère oníke tí wọn kò sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án, ẹnu kò yà mí. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni bí àwọn obìnrin ṣe kéré tó láàárín àwọn ère náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn akọni obìnrin inú ìwé ìtàn aláwòrán nìkan ni mo ń rà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orúkọ. Ní ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ Mattel gbé Barbie jáde fún àwọn ọmọbìnrin. Ní ọdún 1964, ilé-iṣẹ́ Hasbro ṣe jagunjagun kan tí wọ́n pè ní G.I. Joe. Òun náà ní oríkèé, ó ní aṣọ tí a lè bọ́ kí a sì wọ̀, gẹ́gẹ́ bí Barbie. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni í mọ̀ pé kò sí bàbá tí yóò ra ọmọlangidi fún ọmọkùnrin rẹ̀. Wọ́n wá orúkọ mìíràn, èyí tí a lè túmọ̀ sí ‘ère tí ń ṣe nǹkan’. Ohun kan náà ni. Ẹnu ni wọ́n fi yà wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di pé èyí tí ń ṣe nǹkan jẹ́ ti ọkùnrin, èyí tí a ń wọ̀ láṣọ sì jẹ́ ti obìnrin. Níbo wá ni a ó fi akọni obìnrin sí? Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Ideal gbé mẹ́rin jáde ní ọdún 1967, Wonder Woman, Supergirl, Batgirl àti Mera, bí ọmọlangidi ni wọ́n ṣe wọ̀n wọ́n. Wọn kò tà dáadáa. Nítorí ìdí yìí gan-an ni ẹni tí ó bá ní ọ̀kan nínú wọn lónìí, tí páálí rẹ̀ kò ya, fi jẹ́ olówó.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí dé ilé-ẹjọ́. Nígbà kan rí, owó-ibodè lórí ọmọlangidi tí ó bá wọ Amẹ́ríkà jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ohun ìṣeré mìíràn jẹ́ 6.8. Òfin ìgbà náà sọ pé àwòrán ènìyàn nìkan ni ọmọlangidi. Bí ó bá jẹ́ ẹranko tàbí ẹ̀dá mìíràn, ohun ìṣeré ni. Ilé-iṣẹ́ Toy Biz, tí ó ń ṣe ère àwọn X-Men, lọ bá ìjọba ṣẹjọ́ pé àwọn akọni wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn. Ní ọdún 2003, Adájọ́ Judith Barzilay dá wọn láre. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka àwọn ìwé náà mọ ohun tí ó dunni níbẹ̀. Gbogbo ìtàn X-Men, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, kò ju igbe àwọn tí a kọ̀ sílẹ̀ lọ, tí wọ́n ń wí pé ènìyàn ni àwọn. Àwọn tí wọ́n ń jẹun lórí ìtàn náà ni wọ́n dúró níwájú adájọ́ tí wọ́n sọ pé irọ́ ni, nítorí owó-ibodè. Mo rò ó títí, mo rántí ìyá mi. Òun kò lọ sí ilé-ẹjọ́ kankan kí ó tó mọ̀ pé ènìyàn ni èyí tí ó wà lọ́wọ́ òun.

Báwo wá ni ó ṣe yẹ kí a yẹ irú ère báyìí wò? Àwọn òyìnbó tí ń ṣe iṣẹ́ yìí a máa ka oríkèé, wọ́n a wo ọ̀dà, wọ́n a ka ohun ìjà tí ó wà nínú páálí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa náà ní òṣùwọ̀n tiwa. Robert Farris Thompson lọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó bi àwọn ará ìlú àti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà léèrè ohun tí í mú ère dára, ó sì tẹ èsì wọn jáde ní ọdún 1973. Nínú ohun tí wọ́n sọ fún un ni jíjọra, ìfarahàn, dídán, gígún àti ọ̀dọ́. Mẹ́ta péré ni n ó mú lò lónìí.

Jíjọra kò túmọ̀ sí pé kí ère dà bí ẹnì kan pàtó. Kí ó jọ ènìyàn ni, kí ó má sì jọ Lágbájá. Láti nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ ojú àwọn òṣèré sinimá sára ère, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi rí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹyinjú. Àwọn olùrà ń yìn ín. Ní tèmi, ó ti kọjá ààlà. Ojú bẹ́ẹ̀ ń wo ibì kan ṣoṣo, kò sì lè wo ọmọ tí ó gbé e lọ́wọ́.

Gígún ni ó jẹ mí lógún jù. Ẹ wo ère ìbejì obìnrin: ọmú rẹ̀ yọ, kò wọ aṣọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè fi ojúkójú wò ó, nítorí pé ó dúró ṣánṣán, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dojú kọ wá. Nítorí náà kì í ṣe ìhòòhò ni ẹjọ́ mi pẹ̀lú àwọn ère Amẹ́ríkà wọ̀nyí, bí àwọn oníwàásù kan ti rò. Ẹjọ́ mi ni pé wọ́n lọ́ ìbàdí wọn, wọ́n yí èjìká wọn sẹ́yìn, kí á lè rí iwájú àti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tún fi bàtà onígìgísẹ̀ gíga sí wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó ń kó wọn jọ: akọni obìnrin tí ó wọ irú bàtà yìí kì í dúró. Ọkùnrin á dúró lórí pẹpẹ láàárọ̀, obìnrin á ti dojú bolẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbọ̀nwọ́ ọkùnrin a máa ní oríkèé méjì tí í jẹ́ kí ó ká apá rẹ̀ dé èjìká. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti obìnrin sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tí kò lè dúró, tí kò sì lè ká apá, kí ni yóò fi jà?

Ní ti ọ̀dọ́, kí a má tan ara wa. Àwọn baba wa náà kì í fẹ́ gbẹ́ arúgbó. Gbogbo ẹni tí wọ́n gbẹ́ ni ó wà ní ìgbà tí agbára rẹ̀ pé. Bí a bá bá ilé-iṣẹ́ Hasbro wí pé kò sí ìyá àgbà láàárín àwọn akọni rẹ̀, wọ́n lè dá a padà fún wa.

Mo gbé mẹ́ta wá. Èkíní ni Nubia, tí ilé-iṣẹ́ Mego ṣe ní àárín ọdún 1970 sí 1979, tí ó ga ní íńṣì 12. Nínú ìwé ìtàn aláwòrán ni ó ti kọ́kọ́ jáde, ní ọdún 1973. Amọ̀ dúdú ni wọ́n fi mọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi amọ̀ mọ Wonder Woman arábìnrin rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ Ọbàtálá kò ní pe ìtàn náà ní àjèjì. Wọ́n tà á pẹ̀lú àwọn ère eré tẹlifíṣàn tí Lynda Carter ṣe, bẹ́ẹ̀ ni Nubia kò sì farahàn nínú eré náà rí. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ó gún.

Èkejì ni Storm ti Toy Biz, ọdún 1991, obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn X-Men tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa sọ pé Ọya ni. Ẹ rọra o. Len Wein àti Dave Cockrum ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1975, ọmọ Kẹ́ńyà ni ìyá rẹ̀ nínú ìtàn. Ìjì àti mànàmáná nìkan kò tó láti fi sọ ènìyàn di aya Ṣàngó. Ní ti iṣẹ́ ọnà, kò dára: ọrùn rẹ̀ le, ojú rẹ̀ kò ní ìfarahàn. Síbẹ̀ n kò lè tà á.

Ẹ̀kẹta ni Okoye, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ obìnrin inú sinimá Black Panther, ọdún 2018. Ojú rẹ̀ tutù, ó di ọ̀kọ̀ rẹ̀ mú, ó dúró láìfi nǹkan kan gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí mo ṣe rí i rà. Hasbro kò tà á lódindi nígbà náà. Apá rẹ̀ wà nínú páálí ẹnì kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú páálí ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí a ní láti rà kí á tó lè to obìnrin yìí jọ ni ó jẹ́ ọkùnrin.

Àwọn kan yóò sọ pé ọjà ni, ohun tí ó bá tà ni wọ́n ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún 2015. Nínú sinimá Age of Ultron, Black Widow ni ó gun alùpùpù já bọ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí ohun ìṣeré rẹ̀ dé ọjà, Captain America ni wọ́n gbé ka alùpùpù náà. Mark Ruffalo, tí òun náà wà nínú sinimá ọ̀hún, kọ ọ́ síta pé kí wọ́n ṣe ti Black Widow sí i fún àwọn ọmọbìnrin òun. Ní ọdún 2016, Shane Black tí ó darí Iron Man 3 sọ pé obìnrin ni ọ̀tá inú ìtàn náà tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí òun sọ ọ́ di ọkùnrin nítorí pé ère obìnrin kò ní tà. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe pé wọ́n gbé e dé ọjà tí kò tà. Wọn kò jẹ́ kí ó dé ọjà rárá. Àní wọ́n padà lọ sínú ìtàn láti lọ pa á rẹ́ níbẹ̀.

Mo ti gba àkókò yín. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí tábìlì yìí, ẹ lè gbé wọn wò, ẹ lè ká wọn lápá, kí ẹ fúnra yín mọ ohun tí mo ń wí. Kìkì pé kí ẹ rọra fún Storm, ọrùn rẹ̀ ti fẹ́ yẹ̀. Ti ìyá mi kò sí níbẹ̀. Ó wà nílé, lórí àga tí ó máa ń jókòó sí, aṣọ rẹ̀ sì mọ́.