Ohùn Ìlú Ẹni Nínú Orin Ráàpù
Ẹ̀yin òǹwòran wa, bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. New York ni orin ráàpù ti ṣẹ̀ ní ọdún 1973. Ìdí nìyí tí púpọ̀ níbẹ̀ fi ka àwọn akọrin ìhà gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà sí ará oko. Ní ọdún 1995, nígbà tí OutKast láti Atlanta gba ẹ̀bùn ní New York, ńṣe ni èrò hó lé wọn lórí. Wọn kò tìtorí èyí sín ẹnikẹ́ni jẹ. Ohùn ìlú wọn ni wọ́n fi ń kọrin lọ. Ní 2004, àwo orin wọn gba ẹ̀bùn Grammy tí ó ga jù lọ fún àwo orin. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbọ́ orin tán kí ẹ tó bèèrè ìlú akọrin.