Ìgbàgbọ́ àti Àwọn Ará Ilé Ẹni

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìgbàgbọ́ Kristi àti ìjà inú ẹbí. Ọ̀rọ̀ tí ó kan gbogbo wa ni, nítorí láti Mowé dé Ìbafọ̀, títí dé Ìfọ̀ lọ́hùn-ún, kò sí àdúgbò tí a kì í ti í gbọ́ orin ìsìn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí àdúgbò tí a kò ti lè rí ọmọ tí kì í kí ìyá rẹ̀ mọ́.

Ẹsẹ Bíbélì kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ 36 ni, nínú orí 10 ìwé Mátíù, níbi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ nípa ọ̀tá tí ó wà nínú ilé ẹni. Wọn yóò tọ́ka sí i, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀tá náà kiri: ìyá ọkọ ni, àbí àbúrò bàbá, àbí orogún ìyá? Ẹ jẹ́ kí a ka orí náà láti òkè wá. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tí Jésù fẹ́ rán jáde ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń kìlọ̀ fún wọn pé ará ilé wọn lè ṣe inúnibíni sí wọn nítorí tirẹ̀. Kò rán wọn níṣẹ́ pé kí wọ́n lọ máa ṣe inúnibíni sí ará ilé.

Àwọn Ẹ̀gbá tí ó kọ́kọ́ gbàgbọ́ mọ ìtumọ̀ ẹsẹ yìí jù wá lọ. Ní 1849, wọ́n mú onígbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta, wọ́n nà wọ́n, wọ́n sì kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Onígbàgbọ́ ni ó jẹ ìyà nígbà náà. Lóde òní, ìyá arúgbó ni ó ń jẹ ẹ́, lọ́wọ́ onígbàgbọ́.

Ẹ wo Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni ogun kó Òṣóógùn, ìlú rẹ̀, tí wọ́n sì mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n tà á títí ó fi dé inú ọkọ̀ òkun. Àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó sì di àlùfáà ní 1843. Ní Oṣù Kẹjọ 1846 ni ó dé Abẹ́òkúta láti wàásù, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà ni ìyá rẹ̀, Àfálà, sì wá a wá. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ti kọjá. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò lè fọhùn: wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń wo ara wọn, omi sì ń dà lójú ìyá rẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró níbí díẹ̀. Ẹ̀sìn àwọn baba wa ni obìnrin yìí ń ṣe. Àlùfáà ni ọmọ rẹ̀, àwọn òyìnbó tí ó bá a wá sì ń wò ó. Ǹjẹ́ ó ní abọ̀rìṣà ni, kí ó má ṣe súnmọ́ òun? Rárá o. Bẹ́ẹ̀ ni kò fi ipá mú un wọ inú omi. Ó di Oṣù Kejì 1848, ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pàdé, kí Àfálà tó ṣe ìrìbọmi, tí ó sì gba orúkọ Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Nígbà tí ó kú ní 1883, ọmọ rẹ̀ ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù fún ọdún mọ́kàndínlógún.

A kò wí pé àwọn ará ìgbàanì kò ṣì í ṣe. Ìjọ Áńgílíkà kò gbà kí ọkùnrin olóbìnrin púpọ̀ ṣe ìrìbọmi. Àpéjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth fi òntẹ̀ lù ú ní 1888. Obìnrin tí ọkọ bá tìtorí ìrìbọmi lé jáde, ta ni yóò bọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ ìyàwó púpọ̀ yìí ni ó bí ìjọ United African Methodist, tí a ń pè ní Ẹlẹ́ja, ní Èkó ní 1917. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko ni ó gba Lambeth kí ó tó fàyè sílẹ̀, ní 1988, pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lè ṣe ìrìbọmi láìlé ìyàwó kankan, bí ó bá ti ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn kún un. (Àwa kò yin ìkóbìnrinjọ o. Olùkọ́ ni wá, a mọ ohun tí ìjà orogún ń ṣe sí ọmọ ilé-ìwé.)

Kí a wá padà sílé. A ti rí ọmọ tí kò fọwọ́ kan oúnjẹ tí ìyá àgbà rẹ̀ gbé wá fún un ní ilé-ìwé. Wọ́n ti sọ fún un nílé pé aríran rí nǹkan lára màmá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Màmá gbé abọ́ náà, ó sì padà. Kí àwọn tí ó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ pé abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹnikẹ́ni, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sì wà fún un.

A mọ̀ pé gbogbo ìyá ọkọ kọ́ ni ènìyàn jẹ́jẹ́. Òmíràn wà tí ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ, tí kò ní jẹ́ kí aya ọmọ rẹ̀ rímú mí. Kò pọn dandan kí wọ́n jọ sùn lábẹ́ òrùlé kan. Ẹ gba yàrá fún un ní àdúgbò, ẹ máa gbé oúnjẹ lọ, ẹ san owó oògùn rẹ̀, kí ọkọ sì máa lọ kí i láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń san ẹ̀jẹ́ ní ilé ìsìn nígbà tí ìyá rẹ̀ ń tọrọ gàrí, kí ó ka orí 7 ìwé Máàkù, kí ó wo ohun tí Jésù wí fún àwọn tí ó ń pe owó ìtọ́jú òbí wọn ní Kọ́bánì.

Alága, a ti lo àkókò tí ẹ fún wa tán. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó nawọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ láàrin ẹgbẹ́, a wà ní ẹ̀yìn gbọ̀ngán.