Pépà Kíkà
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjẹ ìpàdé ẹgbẹ́

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ṣókí nípa iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló wà ní yunifásítì, ẹ sì mọ ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá bí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá délẹ̀: “Pépà mélòó lo ní?” Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń ka owó, òun náà la fi ń ka ìwé. Gbogbo èèyàn ló lè ka iye pépà wa. Ta wá ló ń ka ohun tó wà nínú wọn?

Ẹ jẹ́ ká wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì, tí wọ́n bí ní 1935, tó di dókítà ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn. Pépà rẹ̀ pọ̀ jaburata. Mi ò ní ka iye wọn o. Iṣẹ́ mẹ́ta péré ni n ó mú.

Èkíní jáde ní 1968 nínú jọ́nà Brain, tí wọ́n ń tẹ̀ nílùú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aláìsàn kan ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ wọn ò mutí. Ẹsẹ̀ wọn ń kú, ojú ń ṣú, etí ń di. Ó bi wọ́n ní oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ: ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, ẹ̀gẹ́ lálẹ́. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì fura sí oró sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́. Nígbà tó di 2003, Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí tiwọn jáde, wọ́n ní àwọn ò rí i pé sáyánáìdì yìí ló ń fa àrùn náà. Ṣé àbùkù nìyẹn? Rárá o. Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kà, ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Èkejì ni ti Igbó-Ọrà, tó jáde ní 1987. Wọ́n lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ka èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19,000. Nínú 1,000, èèyàn bíi 5 ló ní wárápá. Ẹ sì mọ̀ pé ilé ni wọ́n máa ń fi ẹlẹ́wárápá pamọ́ sí. Bí dókítà bá jókòó sí ọsibítù, kò lè rí wọn kà.

Ẹ̀kẹta ló kan gbogbo wa nílé. Òun àti Hugh Hendrie ti Indianapolis jọ dá ìwádìí sílẹ̀ lórí àgbà tó ń ṣarán: àwọn Yorùbá ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ọ̀jọ̀gbọ́n kú ní 1995. Iṣẹ́ náà ò bá a kú. Ògúnníyì, Báíyéwù àtàwọn yòókù ń bá a lọ, nígbà tó sì di 2001, ó jáde nínú jọ́nà JAMA ti Amẹ́ríkà. Nínú 100 àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè, àwọn tí àìsàn yìí ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún jẹ́ 1.35 n'Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Ìbátan ni wá, ẹ̀jẹ̀ wa jọra. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi wá ń wo oúnjẹ, ìrìn àti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá tó ń bi ọmọ bíbí inú rẹ̀ pé “Ìwọ ta ni?”, àwọn kan á ní àjẹ́ ni. Irú ìwádìí báyìí ló jẹ́ ká lè sọ fún ọmọ náà pé: àìsàn ni, má lu ìyá rẹ, má lé e jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì inú wa, kí ẹ tó ka iye pépà yín, ẹ bi ara yín pé: ta ni yóò gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi? Ẹ̀yin tíṣà wa àgbà, ọ̀pọ̀ yín ò ní pépà kankan. Àwa tá a jókòó síbí ni pépà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà wá.