Bí A Ṣe Sọ Ìránṣẹ́ Di Ọ̀tá: Láti Daimon Dé Èṣù

   

Ọ̀rọ̀ tí ẹ yàn fún mi dá lé ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "demon". Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, wọn yóò ní "ẹ̀mí èṣù" ni. Ìdáhùn yẹn gan-an ni mo wá pè lẹ́jọ́. Orúkọ méjì ni ó bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀nà kan náà ni a sì gbà ba méjèèjì jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Gíríìkì, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Daimon ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, kì í sì í ṣe orúkọ ibi. Hesiod, akéwì wọn àtijọ́, sọ pé àwọn èèyàn ìran àkọ́kọ́, ìran oníwúrà, di daimon lẹ́yìn ikú wọn, wọ́n sì ń ṣọ́ àwọn alààyè. Ǹjẹ́ èyí ṣàjèjì sí ẹni tí ó ń bọ babańlá rẹ̀? Plato, ọ̀mọ̀ràn wọn, kọ ọ́ pé daimon wà láàárín àwọn òrìṣà àti èèyàn: òun ní ń gbé àdúrà àti ẹbọ lọ sókè, òun náà ní ń gbé àṣẹ bọ̀ wá sáyé. Nínú ìwé mìíràn, ó ní kí èèyàn tó wáyé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yan irú ayé tí yóò gbé, a ó sì fún un ní daimon tí yóò tẹ̀ lé e títí yíyàn náà yóò fi ṣẹ. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ ilé Àjàlá àti àkúnlẹ̀yàn yóò mi orí. Kódà, eudaimonia, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ayé tí ó dára, ohun tí ó ń sọ ni pé daimon onítọ̀hún sunwọ̀n. Àwa a máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olórí-ire.

N kò sọ pé àwọn Gíríìkì kọ́ Ifá o. Ohun tí mo ń wí ni pé àwọn náà mọ̀ pé ọ̀nà tí ó wà láàárín ọ̀run àti ayé kò lè ṣe aláìní ìránṣẹ́.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ti wọ́? Láti ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù ni àwọn Júù tí ń gbé ní Alẹkisáńdíríà, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ìwé mímọ́ wọn sí èdè Gíríìkì. Níbi tí Sáàmù kan ti sọ ní èdè Hébérù pé ohun asán ni òrìṣà àwọn orílẹ̀-èdè, ìtumọ̀ náà kọ ọ́ pé daimonion ni wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di orúkọ òrìṣà ẹlòmíràn nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀sìn Kírísítì wá gba agbára, Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ní Àríwá Áfíríkà, kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún pé kò sí daimon rere kankan.

Àwọn onídán ilẹ̀ Yúróòpù jogún ìdájọ́ yẹn. Nínú àkójọ orúkọ ẹ̀mí tí Johann Weyer tẹ̀ jáde ní ọdún 1577, a bá ẹnì kan tí ń jẹ́ Astaroth, ìjòyè ńlá láàárín àwọn ẹ̀mí burúkú. Orúkọ ta nìyẹn? Ti Astarte ni, òrìṣà obìnrin tí àwọn ará Fòníṣíà ń bọ. Beelzebub náà, òrìṣà ìlú Ékírónì ni kí ó tó di olórí àwọn ẹ̀mí àìmọ́. Nígbà tí wọ́n ń yí orúkọ wọn padà báyìí, kò sí àwòrò kan tí ó kù tí yóò bá wọn wí àwíjàre.

Ẹ jẹ́ kí á padà wálé. Bíbélì Yorùbá jáde lódindi ní ọdún 1884. Iṣẹ́ Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, oore tí iṣẹ́ náà ṣe fún kíkọ èdè wa kò kéré. Ṣùgbọ́n Èṣù ni wọ́n fi túmọ̀ ọ̀tá Ọlọ́run, àwọn ẹ̀mí àìmọ́ sì di ẹ̀mí èṣù.

Ṣé èdè wa kò ní orúkọ fún ọ̀tá èèyàn ni? Ó ní in. Ajogun ni wọ́n: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. Èṣù kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Àárín àwọn òrìṣà àti àwọn ajogun ni ó dúró sí. Òun ni ó ń gba ẹbọ, òun ni ó ń pàṣẹ fún ajogun kí wọ́n tú ẹni tí ó rúbọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi wà lára ọpọ́n Ifá, tí ó ń wo babaláwo lójúkojú.

Èrò tèmi ni pé ipò àárín yìí gan-an ni ó kó bá a, bí ó ti kó bá daimon. Ẹ̀sìn tí ó pín ayé sí apá méjì péré, ti Ọlọ́run àti ti ọ̀tá rẹ̀, kò ní ìjókòó fún ẹni tí ń sọ̀rọ̀ fún tọ̀tún-tòsì. Ẹni tí kò bá sí lápá ọ̀tún, wọn yóò tì í sí òsì.

Síbẹ̀, mo fẹ́ kìlọ̀ fún àwa náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbínú sí ìtumọ̀ yẹn mú wa sọ Èṣù di áńgẹ́lì. Ẹni tí ó rúbọ ni ó ń gbè, ẹni tí ó kọ̀ yóò rí ìjà rẹ̀. Ẹni tí ó bá fọ ìjà kúrò lára Èṣù ti pàdánù rẹ̀ bíi ti ẹni tí ó pè é ní Sàtánì.

Ẹ wo àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ. Ní Kúbà, Elegguá ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn ètò fún. Ní Candomblé ti Brazil, Exu ni ó ń kọ́kọ́ jẹ. Ṣùgbọ́n ní ọjà Brazil kan náà, ère Exu aláwọ̀ pupa, tó ní ìwo lórí, tó mú ọ̀kọ̀ oníga mẹ́ta lọ́wọ́, wà lórí àtẹ, àwọn oníṣẹ̀ Umbanda kan sì ń gbé e ka ojúbọ. Ètò ni ó pa ìtumọ̀ mọ́. Àwòrán ẹlòmíràn ni ó ń yí i padà.

Orúkọ wa náà wà nínú ewu. Ọba Èṣùgbàyí Elékòó jẹ orúkọ yẹn lórí ìtẹ́ Èkó. Òyìnbó lé e kúrò ní ọdún 1925, ó sì padà sórí oyè ní ọdún 1931, kò pa orúkọ dà. Lónìí, ìdílé tí ó jogún irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń gé e, wọ́n ń fi Olú tàbí Jésù rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀tá Ọlọ́run tí àwọn Kírísítẹ́nì àti Mùsùlùmí mọ̀, ẹ pè é ní Sàtánì. Bí ẹ bá fẹ́ túmọ̀ "demon", ẹ ní ẹ̀mí burúkú. Bí Ifá bá sì dárúkọ Èṣù lórí ọmọ yín ní ọjọ́ ìkọsẹ̀dáyé, ẹ má tijú, ẹ sọ ọ́. Daimon kò rí ẹni gbèjà rẹ̀. Èṣù ní wa.

Kí Èṣù gbè wá, kí ó gbé ẹbọ wa dé ọ̀run. Àṣẹ.